Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Ìlà Ìdílé Ọba Dáfídì Láì Da Ọmọ Ìyá Pọ̀ Mọ́ Ọbàkan

Nígbà tí ènìyàn bá ń ya ìlà ìdílé Dáfídì sórí bébà, òkè kọ́ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Láti Júdà títí dé ọ̀dọ̀ Jésè, orúkọ kan ń tẹ̀ lé èkejì, ọwọ́ ń yá. Inú ilé Dáfídì gan-an ló ti ń dojú rú: ìyàwó 8 tí a mọ orúkọ wọn, ọmọkùnrin 19 tí ìwé Kíróníkà kà, ọmọbìnrin kan, àti àwọn ọmọ àlè tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Ọ̀pọ̀ àwòrán tó wà nílẹ̀ ló fa ìlà kan ṣoṣo láti ara Dáfídì, tí wọ́n wá to gbogbo ọmọ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún yín ìdí tí ọ̀rọ̀ Támárì fi dun Absálómù títí tó fi pa Amnónì, tàbí ìdí tí Bátíṣébà ìyá Sólómọ́nì fi sáré wọlé tọ ọba lọ nígbà tí Ádóníjà ń fi ara rẹ̀ jọba.

Ọ̀nà tí ìtọ́sọ́nà yìí ń tọ̀ ni èyí tí àwọn àgbà wa fi ń pín ogún nílé olórogún: ìdí igi. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ni ìdí igi kan, àwọn ọmọ tó bí ni ẹ̀ka rẹ̀. Òfin ogún àwọn Hébérù yàtọ̀ sí tiwa, a kò sọ pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ilé olórogún ni ilé Dáfídì, àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n ń dárúkọ ìyá ọmọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Bíbélì tó ní Májẹ̀mú Láéláé pátá; bí ẹ bá rí ìtumọ̀ méjì, ó sàn jù, torí àwọn orúkọ kan yàtọ̀ láti ìtumọ̀ kan sí èkejì. Bébà A4 mẹ́rin. Pẹ́ńsù àti rọ́bà tí a fi ń pa á rẹ́. Rúlà. Bírò dúdú, bírò búlúù, bírò pupa. Sẹ́lótéèpù. Káàdì kékeré bíi 100, tí ẹ lè gé láti ara páálí.

Ẹ lẹ bébà mẹ́ta pọ̀ lórí-sí-ìdí, kí ọ̀kan gun orí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 1. Gígùn rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 87. Òpó àárín nìyẹn. Láti Júdà dé Serubábélì, olórí àwọn tó padà dé láti oko ẹrú Bábílónì, jẹ́ ìran 31. Bí ẹ bá fún ìran kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, ẹ ó lo 77.5, èyí tó kù á gba àkọlé àti àlàyé àmì. Bébà kẹrin wà fún ilé Dáfídì nìkan. Ẹ má gbìyànjú láti há ilé yẹn mọ́ orí òpó. Kò gbà á.

Iṣẹ́ àwọ̀ ṣe pàtàkì. Dúdú ni ẹ ó fi kọ ohun tí ìwé sọ ní gbangba. Pupa ni ìlà ìyá. Búlúù wà fún ibi tí ìwé méjì kò ti ṣe déédéé. Pẹ́ńsù sì ni ẹ ó fi kọ ohun tí a rò láti ara ẹ̀rí ṣùgbọ́n tí ẹsẹ kankan kò sọ. Ẹ má fi bírò dúdú kọ àbá láéláé. Tó bá ti di dúdú, ẹni tó bá gba bébà náà lọ́wọ́ yín á rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Mímọ́ wí.

Kíkó orúkọ sórí káàdì

Ẹ má tíì ya ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ ka Jẹ́nẹ́sísì 38, Rúùtù 4:18–22, 1 Kíróníkà orí 2 àti 3, 2 Sámúẹ́lì 3:2–5 àti 5:13–16, àti 1 Kíróníkà 14:3–7. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ ẹsẹ̀ àwọn ọba Júdà láti 1 Àwọn Ọba 14 dé òpin 2 Àwọn Ọba. Orí káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ, bàbá, ìyá, ìlú, àti ẹsẹ tí ẹ ti rí i. Bí ìwé méjì bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kódà bí ẹ bá rò pé ọ̀kan náà ni.

Káàdì ló máa gbà yín lọ́wọ́ àwọn ajórúkọ. Támárì mẹ́ta ló wà nínú ìdílé yìí: èyí tó bí Fáresì fún Júdà, ọmọbìnrin Dáfídì, àti ọmọbìnrin Absálómù (2 Sámúẹ́lì 14:27). Ábígẹ́lì méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́ arábìnrin Dáfídì, èkejì jẹ́ opó Nábálì tí Dáfídì fẹ́. Ahínóámù kan jẹ́ ìyàwó Sọ́ọ̀lù, òmíràn jẹ́ ìyàwó Dáfídì. Nátánì ọmọ Dáfídì kọ́ ni Nátánì wòlíì. Ẹ fi ìyá tàbí ìlú ya wọ́n sọ́tọ̀ lórí káàdì, ẹ má fi nọ́ńbà yà wọ́n. "Támárì ti Máákà" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. "Támárì 2" lè ṣi ẹ̀yin gan-an lọ́nà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: òpó láti Júdà dé Dáfídì

Júdà, Fáresì, Hésrónì, Rámù, Amínádábù, Náṣónì, Sálmónì, Bóásì, Óbédì, Jésè, Dáfídì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti Fáresì bí ìwé Rúùtù ti ṣe, Dáfídì ni ẹnì kẹwàá.

Ẹ fa ìlà pupa mọ́ Fáresì láti ọ̀dọ̀ Támárì, ẹ fa òmíràn mọ́ Óbédì láti ọ̀dọ̀ Rúùtù ará Móábù. Ti Ráhábù gba ìṣọ́ra. Ìwé Mátíù ló sọ pé òun ló bí Bóásì fún Sálmónì. Kò sí ẹsẹ kankan nínú Ìwé Mímọ́ Hébérù tó sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Hébérù nìkan lẹ ń yà, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ kọ "Mátíù" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe ìṣirò, ẹ ó rí i pé òpó yìí kúrú jù. Náṣónì ni olórí ẹ̀yà Júdà nínú aginjù (Númérì 1:7), arábìnrin rẹ̀ Elíṣébà ni ìyàwó Áárónì (Ẹ́kísódù 6:23). 1 Àwọn Ọba 6:1 sì ka ọdún 480 láti ìgbà tí wọ́n kúrò ní Íjíbítì dé ọdún kẹrin ìjọba Sólómọ́nì. Láti Náṣónì dé Sólómọ́nì jẹ́ ìbí mẹ́fà péré. Ẹ pín 480 sí mẹ́fà, ó di 80. Ìyẹn ni pé olúkúlùkù wọn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni 80 ọdún kó tó bí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fo àwọn orúkọ kan. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí "ọmọ", ìyẹn *ben*, lè jẹ́ ọmọ-ọmọ tàbí àrọ́mọdọ́mọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n bí lánàá ṣe lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Odùduwà láìpurọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré méjì gba ara òpó kọjá láàárín Sálmónì àti Jésè, kí ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé àlàfo lè wà níbẹ̀. Ẹ má fi orúkọ àròsọ dí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí Óbédì. Bóásì sọ níwájú àwọn àgbà ìlú pé òun gba Rúùtù láti gbé orúkọ òkú ró lórí ogún rẹ̀ (Rúùtù 4:10), òkú náà sì ni Málónì, ọkọ Rúùtù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa opó ṣíṣú ní ilẹ̀ wa á tètè rò pé ọ̀rọ̀ ti yé òun, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà: nínú òfin Diutarónómì 25:5–6, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bí ni yóò jẹ́ orúkọ ẹni tó kú. Síbẹ̀, ìlà ìdílé tó wà ní ìparí ìwé Rúùtù ka Óbédì sí ọmọ Bóásì. Ẹ fa ìlà dúdú láti ọ̀dọ̀ Bóásì, ẹ sì fa ìlà tó já léraléra láti ọ̀dọ̀ Málónì. Ẹ máa tún nílò irú ìlà tó já yìí nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: agboolé Jésè

1 Sámúẹ́lì 17:12 sọ pé ọmọkùnrin 8 ni Jésè bí. Nínú orí 16, méje kọjá níwájú Sámúẹ́lì kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Dáfídì nínú pápá. 1 Kíróníkà 2:13–15 ka méje, ó sì pe Dáfídì ní ìkeje: Élíábù, Abinádábù, Ṣíméà, Nétánẹ́lì, Rádáì, Ósémù, Dáfídì. Ẹ fi bírò búlúù ya àpótí òfìfo kan sáàárín Ósémù àti Dáfídì. 1 Kíróníkà 27:18 dárúkọ Élíhù gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin Dáfídì. Àwọn kan gbà pé òun ni ẹnì kẹjọ, àwọn mìíràn ní Élíábù náà ni. Pẹ́ńsù ni ẹ ó fi kọ ọ́.

Àwọn arábìnrin méjèèjì, Serúáyà àti Ábígẹ́lì, ni ẹ kò gbọdọ̀ fò. Serúáyà bí Ábíṣáì, Jóábù àti Ásáhélì. Ábígẹ́lì bí Ámásà. Orúkọ ìyá wọn ni a fi ń pe àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nígbà gbogbo, "àwọn ọmọ Serúáyà". Bàbá wọn kò lórúkọ nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2 Sámúẹ́lì 2:32 sọ pé inú ibojì rẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n sin Ásáhélì sí. Ẹ ya àpótí òfìfo fún un, kí ẹ kọ "Bẹ́tílẹ́hẹ́mù" sí i. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ ó rí i pé nígbà tí Jóábù gún Ámásà pa lójú ọ̀nà, ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló pa, idà náà kò sì jáde kúrò nínú agboolé Jésè.

2 Sámúẹ́lì 17:25 tún pe Ábígẹ́lì yìí ní ọmọ Náháṣì, arábìnrin Serúáyà. Báwo ni ọmọ Náháṣì ṣe di ọmọ Jésè? Ọ̀kan lára àlàyé tó wà ni pé ìyá wọn ti kọ́kọ́ fẹ́ Náháṣì kó tó dé ilé Jésè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iyèkan Dáfídì ni àwọn obìnrin méjèèjì, wọn kì í ṣe ọbàkan rẹ̀. Pẹ́ńsù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilé Dáfídì

Bébà kẹrin ni kí ẹ gbé síwájú báyìí, ẹ dà á dùbúlẹ̀ kó fẹ̀. Dáfídì wà lókè. Ẹ fa ìlà mẹ́jọ sílẹ̀ láti ara rẹ̀, ìlà kan fún ìyàwó kan, kí ẹ sì kọ orúkọ obìnrin náà pẹ̀lú pupa kí ẹ tó kọ ọmọ kankan. Lókè orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bàbá rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, apá yìí gan-an ló sì ń jẹ́ kí ìtàn là.

Míkálì ọmọ Sọ́ọ̀lù: kò bímọ títí ó fi kú (2 Sámúẹ́lì 6:23). Ẹ parí ìlà rẹ̀ pẹ̀lú àmì òdo. 2 Sámúẹ́lì 21:8 nínú Hébérù dárúkọ ọmọ márùn-ún tí Míkálì bí fún Ádíríẹ́lì, ṣùgbọ́n Mérábù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni 1 Sámúẹ́lì 18:19 fún Ádíríẹ́lì, àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan sì kọ Mérábù níbẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, àwọn márùn-ún yẹn kì í ṣe ọmọ Dáfídì.

Ahínóámù ará Jésíréẹ́lì bí Amnónì, àkọ́bí. Ábígẹ́lì opó Nábálì ará Kámẹ́lì bí Kíléábù, tí 1 Kíróníkà 3:1 pè ní Dáníẹ́lì. Máákà ọmọ Tálímáì ọba Géṣúrì bí Absálómù. Hágítì bí Ádóníjà, Ábítálì bí Ṣefatáyà, Ẹ́gílà bí Ítíréámù. Hébúrónì ni wọ́n ti bí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, níbi tí Dáfídì ti jọba fún ọdún 7 àti oṣù 6.

Sábẹ́ Máákà, ẹ fi Támárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Absálómù. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì; ọbàkan wọn ni Amnónì. Nígbà tí Amnónì fipá bá Támárì lò pọ̀ (2 Sámúẹ́lì 13), ilé ọmọ ìyá rẹ̀ ló sá lọ, ọmọ ìyá rẹ̀ náà ló sì gbẹ̀san lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ wá wo òkè orúkọ Máákà, níbi tí ẹ kọ "Tálímáì ọba Géṣúrì" sí. Ibẹ̀ ni Absálómù sá lọ fún ọdún mẹ́ta: ilé bàbá ìyá rẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ bàbá ìyá, ẹ ó máa rò pé ìlú àjèjì kan ṣáá ló sá lọ.

Bátíṣébà ló kẹ́yìn. 2 Sámúẹ́lì 11:3 ní ọmọ Élíámù ni. 1 Kíróníkà 3:5 pè é ní Bátíṣúà ọmọ Ámíẹ́lì. Orúkọ kan náà ni Élíámù àti Ámíẹ́lì, wọ́n kàn yí apá méjèèjì padà ni: *El* ni Ọlọ́run, *am* ni ènìyàn tàbí ìbátan. 2 Sámúẹ́lì 23:34 tún dárúkọ Élíámù ọmọ Áhítófẹ́lì ará Gílò lára àwọn akọni Dáfídì. Bó bá jẹ́ ẹni kan náà ni, a jẹ́ pé ọmọ-ọmọ Áhítófẹ́lì ni Bátíṣébà, ọ̀rọ̀ bí Áhítófẹ́lì, olùdámọ̀ràn Dáfídì, ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ tó bá Absálómù lọ nígbà tó dìtẹ̀ á sì ní ìdí tó jinlẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ tó so wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, pẹ́ńsù.

Ọmọ mẹ́rin ni Kíróníkà kọ sábẹ́ rẹ̀: Ṣíméà, Ṣóbábù, Nátánì, Sólómọ́nì. Ẹ fi ọmọ àkọ́kọ́ kún un, èyí tó kú ní ọjọ́ keje tí kò lórúkọ. Ẹ má sì kọ "ìkẹrin" sára Sólómọ́nì torí pé òun ló kẹ́yìn nínú àtòkọ. Lẹ́yìn ikú ọmọ náà ni 2 Sámúẹ́lì 12:24 ti sọ ìbí Sólómọ́nì, kò dárúkọ ẹlòmíràn sáàárín.

Lẹ́yìn àwọn mẹ́rin yìí, ọmọ mẹ́sàn-án ló kù tí wọ́n bí ní Jerúsálẹ́mù, tí a kò mọ ìyá wọn. Ẹ ya ìdí igi kan sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní orúkọ obìnrin, ẹ to wọ́n síbẹ̀. Àtòkọ mẹ́ta ló wà fún àwọn ọmọ Jerúsálẹ́mù, wọn kò sì bára mu. 2 Sámúẹ́lì 5 ka 11 lápapọ̀. 1 Kíróníkà 3 àti 14 ka 13. Àwọn méjì tí Sámúẹ́lì kò ní ni Élífélétì kìíní àti Nógà. Nínú 1 Kíróníkà 3, Élíṣámà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, Élífélétì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àwọn àtòkọ méjì yòókù kọ Élíṣúà dípò Élíṣámà àkọ́kọ́. Ẹ kọ Élíṣúà, kí ẹ fi búlúù kọ Élíṣámà sábẹ́ rẹ̀. Élíádà náà jẹ́ Bééliádà nínú 1 Kíróníkà 14:7: *baali* túmọ̀ sí olúwa tẹ́lẹ̀, ó sì jọ pé nígbà tí orúkọ òrìṣà Kénáánì kó àbùkù bá ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi *El* rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ka ohun tí ẹ yà. Mẹ́fà ní Hébúrónì, mẹ́rin ti Bátíṣébà, mẹ́sàn-án yòókù: 19. Bó bá jẹ́ 20, ó ní láti jẹ́ pé ẹ ka ọmọ tó kú mọ́ ọn, ẹ fi àmì yà á sọ́tọ̀. Jerimótì tí 2 Kíróníkà 11:18 pè ní ọmọ Dáfídì kò sí nínú 19 náà. Ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn àlè. Ìdí igi tiwọn náà wà lọ́tọ̀. "Àlè" tí Bíbélì wa ń lò níbí kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀ bí a ṣe ń lò ó lóde òní. Obìnrin tí gbogbo agboolé mọ̀ ni, mẹ́wàá nínú wọn ni Dáfídì fi sílẹ̀ láti ṣọ́ ààfin nígbà tó ń sá fún Absálómù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn ọba Júdà

Ẹ padà sórí òpó. Sólómọ́nì, Réhóbóámù, Ábíjà, Ásà, Jèhóṣáfátì, Jèhórámù, Ahasáyà, Jóáṣì, Amasáyà, Usáyà, Jótámù, Áhásì, Hesekáyà, Mánásè, Ámónì, Jòsáyà. Mẹ́rìndínlógún ni, bàbá dé ọmọ, láìjá. Lẹ́yìn Jòsáyà, òpó yà.

Ìwé Àwọn Ọba ń dárúkọ ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọba Júdà. Ti Jèhórámù àti ti Áhásì nìkan ni kò sí. Kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọba Ísírẹ́lì ìhà àríwá. Oyè gidi ni ìyá ọba ní Jerúsálẹ́mù, Ásà sì rọ̀ Máákà lóyè náà (1 Àwọn Ọba 15:13). Nítorí náà, ẹ fi pupa kọ orúkọ ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba kọ̀ọ̀kan.

Máákà yìí, tí kì í ṣe ìyàwó Dáfídì, ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Òun ni ìyá Ábíjà nínú 1 Àwọn Ọba 15:2, òun náà ni ìyá Ásà nínú ẹsẹ 10, Ásà sì jẹ́ ọmọ Ábíjà. "Ìyá" níhìn-ín lè jẹ́ ìyá àgbà tó ṣì wà lórí oyè. Ọmọ Ábíṣálómù ni ẹsẹ kejì pè é, ọmọ Úríẹ́lì ará Gíbéà sì ni 2 Kíróníkà 13:2. Bí Ábíṣálómù bá jẹ́ Absálómù, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tí a mọ̀ ni Támárì, Máákà á wá jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Támárì àti Úríẹ́lì.

Níbi Jèhórámù, ẹ dúró díẹ̀. Jèhórámù kan wà ní Júdà, òmíràn wà ní Ísírẹ́lì ní sáà kan náà. Ahasáyà méjì ló wà, Jóáṣì méjì. Ní Ísírẹ́lì, Ahasáyà ló ṣáájú Jèhórámù. Ní Júdà, Jèhórámù ló ṣáájú Ahasáyà. Ẹ kọ "Júdà" sára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó Jèhórámù ti Júdà ni Ataláyà. 2 Àwọn Ọba 8:18 ní ọmọ Áhábù ni, ẹsẹ 26 ní ọmọ Ómírì; bàbá Áhábù ni Ómírì, ọ̀rọ̀ *bat*, ìyẹn "ọmọbìnrin", sì gbòòrò bíi *ben*. Ataláyà jọba fún ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò ní àpótí lórí òpó. Àpótí pupa ni tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá Ahasáyà àti ìyá bàbá Jóáṣì. Ẹ má gbàgbé Jèhóṣébà, arábìnrin Ahasáyà, tó gbé Jóáṣì pamọ́ nígbà tí Ataláyà ń pa àwọn ọmọ ọba. Bí kì í bá ṣe obìnrin yìí, ibẹ̀ ni òpó yín ì bá parí sí.

Bí ẹ bá ti fi Mátíù orí 1 ṣe ìpìlẹ̀, ẹ ó rí i pé mẹ́ta dín: Ahasáyà, Jóáṣì àti Amasáyà kò sí níbẹ̀, Jèhóíákímù náà kò sí. Mátíù ń to ìran ní mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Ẹ lo Àwọn Ọba àti Kíróníkà.

Lẹ́yìn Jòsáyà, 1 Kíróníkà 3:15 ka ọmọ mẹ́rin: Jòhánánì, Jèhóíákímù, Sedekáyà, Ṣálúmù. Ṣálúmù ni Jèhóáhásì. Hámútálì ló bí Jèhóáhásì àti Sedekáyà. Sébídà ló bí Jèhóíákímù. Ìdí igi méjì nìyẹn, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má sì gbà pé bí wọ́n ṣe tò wọ́n ni wọ́n ṣe bí wọn. Jèhóáhásì jẹ́ ẹni 23 ọdún nígbà tó jọba fún oṣù 3 ní ọdún 609 ṣáájú Kristi. Sedekáyà jẹ́ ẹni 21 nígbà tó gorí oyè ní ọdún bíi 11 lẹ́yìn náà. Sedekáyà ló kéré.

Jèhóíákínì ọmọ Jèhóíákímù ni Bábílónì kó lọ ní ọdún 597. Jẹkonáyà àti Konáyà, òun náà ni, bí Olúfẹ́mi ṣe lè di Fẹ́mi. 2 Kíróníkà 36:10 pe Sedekáyà ní arákùnrin rẹ̀, 2 Àwọn Ọba 24:17 sì pè é ní arákùnrin bàbá rẹ̀. Èyí kejì ni kí ẹ yà. Èyí kìíní kàn ń sọ pé ẹbí ni wọ́n.

Yíyẹ ọjọ́ orí wò

Kí ẹ tó fi bírò tẹ̀ ẹ́, ẹ ro ọjọ́ orí. Ẹ mú ọjọ́ orí ọba nígbà tó gorí oyè, ẹ fi iye ọdún tó lò kún un, ẹ yọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ kúrò. Ohun tó bá kù ni ọjọ́ orí bàbá nígbà tó bí i.

Jèhórámù: 32 àti 8, ó jẹ́ 40. 2 Kíróníkà 22:2 nínú Hébérù ní ẹni 42 ọdún ni ọmọ rẹ̀ Ahasáyà. Ọmọ á wá ju bàbá lọ. 2 Àwọn Ọba 8:26 ní 22. Ẹ kọ 22. Áhásì: 20 àti 16, ó jẹ́ 36, Hesekáyà jẹ́ 25, ó ku 11. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ìjọba àjùmọ̀ṣe láàárín bàbá àti ọmọ ṣàlàyé irú èyí. Ẹ fi búlúù sàmì sí i. Ámónì: 22 àti 2, Jòsáyà jẹ́ 8, ó ku 16, kò sí wàhálà. Jèhóíákínì jẹ́ 18 nínú Àwọn Ọba, 8 nínú Kíróníkà. Àwọn ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú (2 Àwọn Ọba 24:15), nítorí náà 18 ló tọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bábílónì

Jeremáyà 22:30 ní kí wọ́n kọ Konáyà sílẹ̀ bí aláìlọ́mọ. Àwọn kan ti tìtorí ẹsẹ yìí gé òpó wọn síbẹ̀. Ẹ má gé e. Ìparí ẹsẹ náà gan-an ló ṣàlàyé rẹ̀: kò sí irú-ọmọ rẹ̀ tí yóò jókòó lórí ìtẹ́ Dáfídì. 1 Kíróníkà 3:17–18 dárúkọ ọmọ méje fún un. Àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n wú jáde ní Bábílónì, tí Ernst Weidner tẹ̀ jáde ní ọdún 1939, sì ka òróró tí wọ́n ń fún "Yaukinu ọba Júdà" àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún.

Serubábélì ni ìṣòro tó kù. 1 Kíróníkà 3:19 ní ọmọ Pedáyà ni. Ẹ́sírà 3:2 àti Hágáì 1:1 ní ọmọ Ṣéálítíẹ́lì, ẹni tó jẹ́ arákùnrin Pedáyà. Ó lè jẹ́ pé Ṣéálítíẹ́lì kú láìlọ́mọ, tí Pedáyà wá bí ọmọ ní orúkọ rẹ̀. Ẹ fa ìlà dúdú láti ọ̀dọ̀ Pedáyà, ẹ lo ìlà tó já tí ẹ lò fún Málónì láti ọ̀dọ̀ Ṣéálítíẹ́lì, kí ẹ kọ ẹsẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ dá òpó dúró síbẹ̀. 1 Kíróníkà 3:21 ṣòro púpọ̀ nínú Hébérù. Ìtumọ̀ Gíríìkì kà á lọ́nà mìíràn, iye ìran tó tẹ̀ lé e sì yàtọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ kọ àwọn orúkọ yòókù sí ẹ̀yìn bébà.

Kí bírò tó kàn án

Ẹ bi àwòrán yín ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ fi ìka tọ ìlà láti dáhùn. Kí ni Jóábù jẹ́ sí Absálómù? Ọmọ arábìnrin bàbá rẹ̀. Kí ni Sedekáyà jẹ́ sí Jèhóíákínì? Àbúrò bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá Sedekáyà àti ti bàbá náà yàtọ̀. Kí ni Máhálátì jẹ́ sí Réhóbóámù kó tó fẹ́ ẹ? Ọmọ Jerimótì ni, ọbàkan ni Jerimótì àti Sólómọ́nì. Ìyá rẹ̀ Ábíháílì sì jẹ́ ọmọ Élíábù, ẹ̀gbọ́n Dáfídì. Ọ̀nà méjì ló gbà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Jésè. Níbi tí ìlà bá ti gba orí ara wọn báyìí, ẹ kọ orúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìràwọ̀ kékeré so wọ́n pọ̀, torí ìlà tó bá gba orí bébà kọjá ni yóò kọ́kọ́ da ojú ẹlòmíràn rú. Bí ìka yín bá rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì padà sínú Bíbélì, ẹ fi bírò tẹ àwọn ìlà dúdú àti pupa, kí ẹ sì jẹ́ kí pẹ́ńsù wà bó ṣe wà.